Ó Ha Yẹ Kí A Kọ́ Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ṣe Oore Bí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ó bí i, ṣùgbọ́n ó ju ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lọ. Bí àwa tí a jọ ń gbé ìlú Kàdúná yìí bá pinnu láti máa kó ara wa jọ láàárọ̀ Sátidé, tọmọdé tàgbà, kí a rìn díẹ̀ nítorí ìlera, àwọn kan ni yóò ní láti máa ṣáájú wa láìgba kọ́bọ̀. Bí a bá sì sọ pé kí àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́, a mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò wí: “Ta ni kò mọ̀ ọ́n rìn? Ẹni tí ó fẹ́ ṣe oore lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé a ó tún mú un jókòó bí ọmọ ilé-ìwé ni?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìlóye. Ó yẹ kí a dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ìrìn fi di ohun tí à ń pe ara wa sí. Ní ọdún 1953, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jeremy Morris, àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Awakọ̀ a máa jókòó láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Agbowó ọkọ̀ a máa gun àtẹ̀gùn, a sì máa sọ̀ kalẹ̀, láti gba owó lọ́wọ́ èrò. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn kò pọ̀ lára àwọn agbowó bí ó ti pọ̀ lára àwọn awakọ̀. Nígbà tí ó bá sì mú agbowó, kì í sábà pa á kíákíá bí ó ti ń pa awakọ̀.

Ẹ wá wo ara wa. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ ní Ọjà Sheikh Abubakar Gumi jókòó ti ọjà rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Akọ̀wé ìjọba jókòó ti tábìlì. Kẹ̀kẹ́ Maruwa tàbí mọ́tò ni ó gbé wa lọ, òun náà ni ó gbé wa bọ̀. A jẹun alẹ́ tán, a sùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣáájú wa kò rí. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé. Wọ́n tà láwìn, wọ́n sì tún padà lọ gba owó wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí yóò mú ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Bí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni lóòjọ́. Kò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ẹnìkan láti dá a ṣe. Ẹni tí a bá ń dúró dè níwájú ilé a máa tètè dìde ju ẹni tí kò sí ẹni tí ń retí rẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn ará ibòmíràn fi ń rìn papọ̀. Ní Sonning Common, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà William Bird bẹ̀rẹ̀ irú ìrìn yìí fún àwọn aláìsàn rẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò ní àárín àwọn ọdún 1990. Nígbà tí ó di ọdún 2000, ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn afínnúfíndọ̀ bí a ti ń ṣáájú ìrìn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú méjì, T. Morgan Dixon àti Vanessa Garrison, dá GirlTrek sílẹ̀ ní ọdún 2010, kí àwọn ẹgbẹ́ wọn lè máa jáde rìn ní àdúgbò ara wọn. Àwọn wọ̀nyí náà mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n rìn. Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn sí?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ rọrùn. Ìyàwó ilé tí ó ń se ọbẹ̀ aládùn fún ọkọ àti ọmọ kò tíì di alásè nítorí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá ní kí ó se oúnjẹ ìnáwó fún igba ènìyàn, yóò rí i pé ọgbọ́n mìíràn ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mímọ̀ ọ́n rìn yàtọ̀ sí mímú ènìyàn rìn.

Ìdáhùn kejì ni ó le, nítorí òun ni ó kan ìwà. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ń ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í léèrè bí ó ti ṣe é. Oore kì í gbé, ni wọ́n ń wí. Kí a gba èyí tí a rí. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé Ìyá kan, ẹni ọgọ́ta ọdún, wà láàárín àwọn tí ń rìn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tí ó bi í. Ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára kan ni ó wà níwájú, ó ń fẹsẹ̀ gé e, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ń ṣe iṣẹ́ rere. Ojú ń ti Ìyá láti sọ pé ó rẹ òun. Ó ń fi agídí tẹ̀lé wọn, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, títí òòyì fi kọ́ ọ, tí ó sì ṣubú sí ẹ̀bá ọ̀nà. Lọ́jọ́ náà, bí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bá wí fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, “Ẹ má bínú, mi ò kúkú gbowó,” ṣé ìdáhùn nìyẹn?

Kì í ṣe ìdáhùn. Ìdí rẹ̀ sì ni pé kì í ṣe aṣáájú nìkan ni ó fún ni ní nǹkan lọ́jọ́ náà. Ìyá náà fún un ní nǹkan: ó fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó yà nígbà tí aṣáájú yà, ó sọdá títì nígbà tí aṣáájú sọdá, ó sì yára nígbà tí aṣáájú yára, nítorí ó gbà pé ẹni tí ó wà níwájú ti ro nǹkan wọ̀nyí fún òun. Ẹni tí ó bá gba irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ti jẹ gbèsè, ìbáà gbowó, ìbáà má gbowó. Bí ẹnìkan bá ń pín oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò sì mọ ohun tí ó wà nínú ìgò, a kò ní sọ pé kí a mu ún nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kì í ṣe ìwọ̀sí fún olóore. Ọ̀wọ̀ ni fún ẹni tí yóò gba oore náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ tí a wà yìí. Ní ayé ìṣòwò orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àwọn Hausa kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ oníṣòwò gbéra láìní olórí tí wọ́n ń pè ní madugu. Ẹni náà ti rin ọ̀nà náà títí kí wọ́n tó fi ènìyàn lé e lọ́wọ́. Ó mọ ibi tí omi wà, ó mọ ibi tí a lè sùn sí, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dúró. Jékọ́bù náà fi irú ọgbọ́n yìí hàn. Nígbà tí Ísọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí wọ́n jọ máa lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa lọ níwájú, nítorí àwọn ọmọ kéékèèké àti ẹran tí ń tọ́mọ ń bẹ pẹ̀lú òun, bí a bá sì dà wọ́n jù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹran yóò kú. Ó yàn láti rìn bí agbára àwọn ọmọdé ti mọ. Ẹsẹ̀ Jékọ́bù kọ́ ni ó pinnu bí wọn yóò ti yára tó. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó kéré jù ni.

Kí ni ó wá yẹ kí a kọ́ àwọn aṣáájú wa ní Kàdúná?

Èkíní, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rin ọ̀nà náà kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n mọ ibi tí gọ́tà là sílẹ̀, ibi tí mọ́tò ti ń sáré, àti ibi tí àgbàlagbà lè jókòó sí.

Èkejì, kí wọ́n mọ ìgbà. Oòrùn oṣù Mááṣì àti Épírì ní ìhín kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ mọ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù sì mú omi dání. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa yọ ẹni tí ó ní ikọ́ fée lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n mọ bí a ti ń béèrè ara ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì pa á mọ́. Ohun tí a gbọ́ níbi ìrìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n mọ ìwọ̀n. Bí a bá ń rìn tí a sì lè bá ara wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí a kò lè kọrin, ìrìn náà tó. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, a ti rìn ín jù.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹnìkan máa wà lẹ́yìn pátápátá, kí ó má sì sí ẹni tí yóò kù sẹ́yìn rẹ̀. Kí a kà wọ́n nígbà tí a bá ń lọ, kí a sì tún kà wọ́n nígbà tí a bá dé. Ipò ẹ̀yìn yìí kì í ṣe ipò ìtìjú. Bí ó bá ṣe tiwa ni, ẹni tí ó ní sùúrù jù ni à bá fi sí i.

Ẹ̀kẹfà, kí wọ́n mọ àmì ewu. Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́, kí ó dúró, kí ó jókòó, kí a sì wá ọ̀nà ilé-ìwòsàn. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n tí ó sì ń làágùn, ó lè jẹ́ pé ṣúgà ara rẹ̀ ni ó lọ sílẹ̀. Ohun dídùn díẹ̀ lè gbà á.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹ̀kọ́ a máa mú ìgbéraga wá, yóò sì lé àwọn tí kò kàwé sẹ́yìn. Òótọ́ ń bẹ nínú èyí. Bí a bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, a ó pàdánù alátà tí ó mọ gbogbo ilé ní àdúgbò, tí ó sì mọ Ìyá tí kò jáde láti ọjọ́ mẹ́ta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣáájú dáadáa ju ọ̀gá ńlá lọ. Nítorí náà, kí a fi Yorùbá àti Hausa kọ́ ọ, kí a sì kọ́ ọ lójú ọ̀nà, kì í ṣe nínú iyàrá. Ẹ̀kọ́ kò lè gba ipò ìfẹ́. Ẹni tí ó mọ gbogbo òfin ṣùgbọ́n tí kò ṣàkíyèsí pé ẹnìkan kò wá lónìí, kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ tán.

Ohun kan tún kù. Gbogbo wa mọ bí rògbòdìyàn ọdún 2000 ti pín ìlú yìí: ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí òkè odò, ọ̀pọ̀ Kristẹni sì kó lọ sí ìhà gúúsù. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kò béèrè ìhà tí ẹnìkan ń gbé. Àwa Yorùbá ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ẹ̀sìn méjèèjì. Aṣáájú tí ó gbọ́n kò ní fi ìrìn sí àkókò tí yóò dí aládùúgbò lọ́wọ́ láti kírun, kò sì ní sọ ọ́ di ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ìyá Alhaja tí ó wọ hijabu níláti mọ̀ pé àyè òun wà láàárín wa, àti pé ẹnìkan yóò dúró de òun.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣáájú, ẹ wá kọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ó tẹ̀lé, iṣẹ́ tiyín náà ń bẹ: ẹ má fi ara yín pamọ́. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. Bí oògùn bá wà tí ẹ ń lò, ẹ wí. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi. Ìrìn tí gbogbo wa bá parí, tí a kà wá tí a sì pé, ni ìrìn tí ó dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rìn jìnnà.