Ṣé Ojú Aládùúgbò Ni Yóò Pàṣẹ fún Àgbàlá Mi?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní àdúgbò wa ní Houston níbí, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe ìjà ilẹ̀, kì í ṣe ti owó orí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ kan tó jẹ́ ilé lórí táyà: bẹ́ẹ̀dì ń bẹ nínú rẹ̀, sítóòfù ń bẹ níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ pàápàá kò gbẹ́yìn. Òmíràn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Ìgbà àrùn Kòrónà ni àwọn ènìyàn tún wá ń rà á gan-an; ní 2021 nìkan, ó lé ní 600,000 tí àwọn ilé-iṣẹ́ Àríwá Amẹ́ríkà kó jáde. Ṣùgbọ́n bí ìrìn àjò bá parí, níbo ni olówó rẹ̀ yóò gbé e sí? Iwájú ilé ni o! Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní mítìn àwọn onílé, apá kan ní, "Owó mi ni mo fi ra ilé, owó mi ni mo fi ra ọkọ̀. Kí ló kàn yín?" Apá kejì ní, "Ó ń ba ojú àdúgbò jẹ́. Ta ni yóò ra ilé wa bí ibí bá dà bíi gáréèjì?" Àwọn wọ̀nyí ní ìwé lọ́wọ́. Houston kò ní òfin ìjọba tó ń pín ìlú sí ibi ilé gbígbé àti ibi òwò. Àwọn ará ìlú dìbò kọ̀ ọ́ ní 1948, ní 1962 àti ní 1993. Ìwé àdéhùn tó so mọ́ ilé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹni tó bá sì ra ilé ti wọ inú àdéhùn náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: "ilé mi ni" nìkan kò tó. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nínú agbo ilé wa ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá di ojú ọ̀nà pa, baálé á pè é. Bí ọkọ̀ gígùn bá dí ojú ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde, tí ọmọdé sì ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ewu nìyẹn. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n "ojú mi kò fẹ́ rí i" ńkọ́? Ibí ni ara ti ń fu mí. Irú ìwé àdéhùn kan náà ni wọ́n fi kọ ọ́ nígbà kan pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gbé àdúgbò kan. Àwọn náà ní iye ilé àwọn yóò wálẹ̀! Ní 1948, nínú ẹjọ́ Shelley v. Kraemer, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní kò sí kọ́ọ̀tù tó lè fipá mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Òfin 1968 sì ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Èmi kò sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dọ́gba o. Ọkọ̀ ṣeé wà kúrò, àwọ̀ kò ṣeé bọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé àwáwí tí wọ́n ti fi ṣe ibi ńlá rí, kò yẹ ká gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Bàbá àgbà kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ọkọ̀ yìí ló fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ wo àwọn ọmọ-ọmọ wọn, nítorí ìyá náà kò lè jókòó pẹ́. Ojú tí kò fẹ́ rí ọkọ̀, àti ẹsẹ̀ tí kò lè rìn, èwo ló wúwo jù?

Síbẹ̀, àdéhùn ni àdéhùn. Kí ẹni tó wọ inú rẹ̀ pa á mọ́, kó sì máa jà kó yí padà. Ní Coral Gables, ní Florida, òfin wà pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù síwájú ilé lóru. Kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ti ìlú lẹ́yìn ní 2010. Ní 2012, àwọn ará ìlú fúnra wọn dìbò tú u ká.

Èrò tèmi ni pé kí a fi òfin dènà ewu, kí a sì fi ìjíròrò yanjú ọ̀rọ̀ ẹwà: ọjọ́ mélòó kan láti di ẹrù àti láti tú u, tàbí kí ọkọ̀ wà lẹ́yìn ọgbà. Kí òfin náà sì mú alága bó ṣe mú mẹ̀kúnnù. Ẹni tó ń ṣe òfin fún aládùúgbò, kó rántí pé òun náà ń darúgbó bọ̀. Tèmi rèé o. Ẹ̀yin ńkọ́?