Ta Ló Ni Ọ̀rá Náà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè ọmọdé kan ló kó mi sí wàhálà tí mo fi ń kọ eléyìí. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Ọ̀wọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ìsinmi. Ọmọ náà ra píọ́wọ́tà kan, ó fi eyín ja etí rẹ̀, ó mu ún tán, ó wá na ọ̀rá tó ti ṣófo sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni kí n jù ú sí?" Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì ni ìyá mi ti ń ta omi inú ọ̀rá, kò sì sí ibi ìdalẹ̀sí kan ṣoṣo níbẹ̀. Ni mo bá nawọ́ sí gọ́tà. Ọmọ náà jù ú síbẹ̀, ó sáré lọ. Òun ti gbàgbé, èmi ò tíì gbàgbé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ bú píọ́wọ́tà o. Òun ló san owó ilé-ìwé mi. Ẹ bi àwọn àgbà bí omi títà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ife kan ni gbogbo ọjà fi ń mu omi: ẹni tó ń wúkọ́ á mu, ẹni tí ara rẹ̀ le á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni "ice water" dé, tí wọ́n ń bù sínú ọ̀rá funfun, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ta ní kókó, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀ gbòde. NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, ní kí àwọn tó ń ṣe é wá gba nọ́ńbà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili sì jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, láti 2001 sí 2008, wọn ò fojú ire wo ẹni tó ń ta omi láìní nọ́ńbà. Tálákà wá lè mu omi tó ní orúkọ lára. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ríṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìyá rí ọjà tà. Bí èyí kì í bá ṣe ọgbọ́n tuntun tó ṣe ará ìlú lóore, mi ò mọ èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ń dùn mí rèé. Nínú gbogbo owó tó ń yí lórí omi yìí, ta ló ni ọ̀rá? Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á ní òun ti tà á fún oníṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi á ní omi làwọn tà. Ẹni tó rà á á ní omi lòun rà, òun sì ti mu ún tán. Ìjọba ìbílẹ̀ á ní òun kọ́ lòun mu ún. Gbogbo wa la jẹ nínú omi, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ baba ọ̀rá. Ó wá di ọmọ òrukàn lójú gọ́tà.

Ọ̀rá kì í sì í jẹrà bí ewé. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Oòrùn lè sọ ọ́ di wẹ́wẹ́, àmọ́ wẹ́wẹ́ náà á ṣì wà nínú ilẹ̀ àti nínú omi. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Odò Ọ̀sẹ̀, tí wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ tó múlé gbè wá lórúkọ, ìpínlẹ̀ Ẹdó ló ń ṣàn gbà kó tó dé òkun. Ohun tí a bá jù sínú rẹ̀ níhìn-ín, ojú ọ̀nà ẹlòmíràn ló ń lọ. Gọ́tà tó bá dí náà ńkọ́? Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn, ó pa èèyàn tó ju 200 lọ. Ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sójú odò wà lára ohun tó fà á. Nígbà yẹn, píọ́wọ́tà ò tíì dé o. Orí ẹrù tó ti wúwo tẹ́lẹ̀ la tún gbé ọ̀rá lé.

Ládùúgbò tiwa, kò tíì pa èèyàn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, àgbàrá tí kò rọ́nà lọ ya wọ ṣọ́ọ̀bù màmá kan tó ń ta gàárì àti èlùbọ́ nísàlẹ̀ títì. Àpò gàárì mẹ́ta ló bàjẹ́. Màmá yìí kì í ta píọ́wọ́tà. Wọn ò jẹ kọ́bọ̀ nínú èrè wa, àwọn ni wọ́n wá san gbèsè rẹ̀. Nígbà tí mo bá wọn la gọ́tà, mo mọ orúkọ tó wà lára ọ̀rá tí mò ń fà jáde. Èyí tí à ń tà ni. Mi ò lè wo ojú wọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn baba ńlá wa gbọ́n jù wá lọ, pé wọn kì í ba ilẹ̀ jẹ́. Mo rò ó títí, mi ò gbà. Àwọn náà ń ju nǹkan nù bíi tiwa. Ewé inú igbó wa, ní Ọ̀wọ̀ níbí àti ní Ọ̀sẹ̀ lọ́hùn-ún, ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹni tó bá jẹun tán á ju ewé sẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ á jẹ díẹ̀, ìyókù á di ilẹ̀. Kì í ṣe èèyàn ló gbọ́n, ewé ló gbọ́n. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ju ewé náà la fi ń ju ọ̀rá. Ohun tó wà lọ́wọ́ ló yí padà, ọwọ́ ò yí padà.

Ẹ wá wo ìgò mínírà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sílé, oníṣọ́ọ̀bù á ní, "Ìgò dà?" Bí ẹ ò bá mú ìgò wá, ẹ ó fi owó ìgò sílẹ̀. Mi ò rántí ọjọ́ tí ìgò mínírà dí gọ́tà wa. Ìlú kan náà ni, àwa èèyàn kan náà ni. Ṣé a fẹ́ràn ìgò ju ọ̀rá lọ ni? Rárá o. Ìgò ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó gbé òwò náà kalẹ̀ ti ro bí ìgò ṣe máa padà wálé kó tó tà á. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé èèyàn wa ò ṣeé kọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ìjọba ṣáà fòfin dè é. Rwanda fòfin de àpò ọ̀rá ní 2008, Kenya ṣe é ní 2017, Èkó sì fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí ní 2024. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fòfin de píọ́wọ́tà lọ́la, tí omi ẹ̀rọ ò sì yọ, kí ni ọmọ yẹn máa mu? Olówó á ra omi inú ike, tálákà á padà sídìí kànga. Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn wọ àdúgbò láti gba ike àti ọ̀rá. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ máàkì fún ẹni tó kó o wá, á sì fi gba ẹ̀bùn. Òwò ni o, kì í ṣe ìtọrẹ àánú.

Èmi náà gbìyànjú. Mo sọ fún ìyá mi pé kí ẹni tó bá kó ọ̀rá 20 wá gba píọ́wọ́tà kan lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "20 ló wà nínú àpò kan. Mélòó lèrè mi lórí ẹ̀ tí o fẹ́ máa pín kiri? Ṣé oníṣọ́ọ̀bù òdìkejì máa pín tiẹ̀?" Mi ò lésì. Bí ẹnì kan bá ń ṣe rere lọ́jà tí aládùúgbò rẹ̀ ò ṣe é, olóore ló máa kógbá wọlé. Ẹrù yìí kì í ṣe ti ìyá mi nìkan. Àmọ́ mo kíyè sí nǹkan kan: ọkọ̀ tó ń gbé omi wá fún wa, kíkún ló ń bọ̀, òfìfo ló ń padà. Kí ló dé tí kò lè kó ọ̀rá lọ? A gbé àpò ìrẹsì kan kọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kún. Mo fi han dẹ́rẹ́bà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnikẹ́ni ò rán òun. Kò purọ́. Ẹni tó ronú òwò náà ò ronú débẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀, wọ́n ní ká kọ owó ìbẹ̀rẹ̀, ká kọ oníbàárà, ká kọ èrè. Kò sí ìlà kan tó bèèrè pé: níbo ni ohun tí o fẹ́ tà máa parí sí, ta ló sì ń gbé níbẹ̀? Lójú tèmi, ọgbọ́n tuntun tí kò lè dáhùn ìyẹn, ààbọ̀ ọgbọ́n ni. Èrè tí ẹlòmíràn ń bá wa san gbèsè rẹ̀, kì í ṣe èrè.

Láàárín 1969 sí 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà, ní Ọ̀wọ̀ wa yìí, ó bá ère amọ̀ tó ti lé ní 500 ọdún. Ẹni tó bá rí wọn á mọ̀ pé ọlọ́wọ́-iṣẹ́ ti gbé ibẹ̀ rí. Bí wọ́n bá wa ilẹ̀ wa lẹ́yìn ọ̀la, ọ̀rá ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá. Wọ́n á mọ̀ pé a mu omi. Kí ni wọ́n tún máa mọ̀ nípa wa?

Àpò ìrẹsì ti di mẹ́ta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ní kí n wá ibi kó wọn sí. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń rà á nítòsí, kó jọ̀wọ́ wá mi wá. Bí ọmọ yẹn bá tún dé, mo lè fi ibi tó máa jù ú sí hàn án. Ibi tó máa gba ibẹ̀ lọ ni mi ò tíì mọ̀.