Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Pẹ́ Lọ́nà
(Habakuku 2:3)



Ó ṣọ̀wọ́n kí àwa ará Ìkẹjà àti Agége gbé ojú sókè lóru kí a sì rí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀. Iná ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ti òpópó bo ojú ọ̀run. Ìkùukùu òjò lọ, eruku ọyẹ́ dé. Síbẹ̀ kò sí ìràwọ̀ kan tí ó kúrò ní ipò tí Ẹlẹ́dàá fi í sí.

Láàrin àwọn ìràwọ̀ Tafàtafà, tí ń kọjá lókè wa ní òru oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan wà tí àwọn amòye ń pè ní NGC 6822. Ó ṣe bàìbàì, kò sì ní ìrísí tí ó gún. E. E. Barnard ni ó kọ́kọ́ rí i, ní ọdún 1884. A bí ọkùnrin yìí ní Nashville, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1857, lẹ́yìn ikú baba rẹ̀. Òṣì lé e wọ ilé-iṣẹ́ ayàwòrán nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Awò kékeré ni ó fi rí ohun tí àwọn ọlọ́lá kò rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ń ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa lónìí ti gbéra láti nǹkan bí 1,600,000 ọdún sẹ́yìn.

Ẹni tí ó bá ní awò ọ̀nàjíjìn ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lè ya àwòrán rẹ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Awò gbọ́dọ̀ máa yí tẹ̀lé ọ̀run, kí ojú kámẹ́rà sì là sílẹ̀ pẹ́. Yóò ya àwòrán púpọ̀, yóò sì pa gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ dàbí ẹni pé kò sí nǹkan. Nínú àpapọ̀ wọn, àbàwọ́n tí ń ṣí kiri a rẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó dúró lójú kan a sì fara hàn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àdúrà. Ìyá ń gbàdúrà fún ọmọ tí ó ṣìnà. Òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ń ké pe Olúwa, kò sì rí nǹkan. Ẹ má ṣe fi òru kan ṣe ìdájọ́ Ọlọ́run. Ìdádúró kì í ṣe àìsí. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba.

Àti ẹ̀yin olùkọ́: ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ dàbí ẹni pé ó ṣe bàìbàì nínú kíláàsì yín, ẹ má ṣe ta á nù. Ẹni tí Saamu 147 sọ pé ó mọ iye ìràwọ̀, tí ó sì fún olúkúlùkù ní orúkọ, mọ orúkọ ọmọ náà pẹ̀lú.

Kí Olúwa fún wa ní sùúrù tí ń wo ọ̀kánkán, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.