Ta Ló Ni Ìlẹ̀kùn Yìí?

Bárẹ́ẹ̀lì ẹnu ìlẹ̀kùn kò mọ onílé, kò mọ olè. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ nìyẹn. Píìnì kéékèèké márùn-ún tàbí mẹ́fà ló tò sínú rẹ̀, sípíríǹgì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, gígùn wọn kò sì dọ́gba. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé wọn sókè; bí gbogbo wọn bá ti bọ́ sórí ìlà kan náà, ó yí, ilé ṣí. Linus Yale ọmọ, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ tó ń lo kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ ní 1861, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti fi igi ṣe irú rẹ̀. Látìgbà yẹn wá, kò sí èyí tó béèrè rí pé, "Ìwọ ta ni?" Èmi tí mo mú irinṣẹ́ dání ni ìbéèrè yẹn já lé léjìká.

Mùsùlùmí ni mí. Ibi tó bá iṣẹ́ mi wí jù nínú Alùkùráánì ni Súúrà An-Núúr, ẹsẹ 27 àti 28. A kò gbọdọ̀ wọ ilé tí kì í ṣe tiwa láìtọrọ àyè, láìkí àwọn ará ibẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá; ta ni kì í ké "àgò" kó tó wọlé onílé? Ẹsẹ kejì ló gbà mí lọ́kàn: bí a kò bá tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, a kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí wọn yóò fi yọ̀ǹda fún wa. Ilé tí onílé rẹ̀ wà lọ́jà ní ẹ̀tọ́ lára mi. Nítorí náà, kí n tó fi irin kan ìlẹ̀kùn ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, mo máa ń ní kí aládùúgbò wá jẹ́rìí sí i, màá kan ìlẹ̀kùn, màá sálámà. Àwọn oníbàárà kan máa ń bínú pé mo ń fi àkókò wọn ṣòfò. Kí wọ́n bínú.

Èyí tó le ni ti àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àwọn arákùnrin olóògbé kan pè mí ní Ìbàdàn, wọ́n ní kí n pààrọ̀ inú bárẹ́ẹ̀lì ilé rẹ̀. Opó rẹ̀ ṣì wà nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó fi ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ; ó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Iṣẹ́ náà kò ṣòro. N óò yọ bárẹ́ẹ̀lì, n óò da píìnì àtijọ́ sórí aṣọ, n óò to òmíràn tó bá kọ́kọ́rọ́ tuntun mu. Ìlẹ̀kùn kò ní yàtọ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ ìyá náà yóò sì wọlé geere dé ìdí, kò kàn ní yí ni. Yóò dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, yóò máa rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí fún àgbà inú wọn, "n kò ní ṣe é."

"Alfa, bí ẹ kò bá ṣe é, ẹlòmíràn á ṣe é."

Òótọ́ ni. Ní 1851, ní Lọ́ńdọ̀nù, oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan, Alfred Hobbs, lo ju wákàtí 50 lọ kó tó ṣí àgádágodo Bramah, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí iyàn dé bóyá ó yẹ kí aráyé gbọ́ àléébù irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìhà tirẹ̀ ni pé olè ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Mo gbà fún un ní ti ìmọ̀: ẹni gbogbo ló lè ní in. Ọwọ́ tó ṣe é ńkọ́? Ẹnìkan ló ni ín. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí mo bá to píìnì yẹn, èmi ni mo ti opó síta, ẹnu ẹbí kankan kò sì lè gbà mí lọ́jọ́ ìṣirò.

Bí wọ́n bá ní ìpín nínú ogún, kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń pín in. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti opó bí olóògbé bá bímọ. Bí ọmọkùnrin bá sì wà nílẹ̀, arákùnrin kò jogún. Ọmọkùnrin ni ìyá náà pọ̀n.

Bí òun fúnra rẹ̀ bá wá pè mí pé kí n pààrọ̀ ọ̀hún ńkọ́? N óò ṣe é, nítorí òun ló ń gbé ibẹ̀, òun ló sì ń sùn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni n óò kó lé e lọ́wọ́, títí kan èyí tí mo fi dán an wò.