Ẹni tí Ó Ń Rán Aṣọ Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Ohun tí a ń fà yọ nínú òwe yìí ni pé ẹni tí kò bá ṣe rere fún ara rẹ̀, ó ṣòro kí ó tó lè ṣe é fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn, tí ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán èyí tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ńkọ́, tí kì í ṣe aránṣọ, tí kò sì ṣe aláìní owó tí yóò san fún aránṣọ? Ṣé ohun tí ó yẹ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe, àbí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni ó ń fi ṣeré?

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìyá mi papò dà, ohun kan ṣoṣo tí mo tọrọ nínú ẹrù rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ Singer alọ́wọ́ tí ó fi ń rán aṣọ wa ní kékeré. Mo gbé e láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí Àgọ́-Ìwòyè tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé mi dé. Mo nù ún, mo fi epo sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀sán Sátidé kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Mo kọ́kọ́ rán àpò ìrọ̀rí, mo rán ṣòkòtò, nígbà tí ó yá mo gbójú lé bùbá. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bùbá náà jáde, aránṣọ àdúgbò wa rí mi. Bàbá yìí ti ń rán aṣọ fún mi láti ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kí mi, ó wo ọrùn aṣọ náà títí, ó ní, “Dókítà, ta ni ó rán èyí?” Mo ní, “Èmi ni, bàbá.” Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ẹ tún wá fẹ́ máa rán aṣọ. Kí ni kí àwa wá máa jẹ?”

Mo fi í ṣe àwàdà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi kò lọ sí ara ẹ̀rọ mọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ aṣọ, ó ti di ọ̀rọ̀ ìwà.

Kí á tó dá a lóhùn, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò ó bóyá àjèjì ni aṣọ ṣíṣe jẹ́ nínú ilé wa. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kì í ṣe àjèjì rárá. Inú ilé ni àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ lórí òfì tí ó dúró lóòró. Orí irú òfì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń hun kíjìpá, aṣọ tí ó nípọn tí kì í tètè gbó. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń hun aṣọ olónà tí wọ́n ń ya ọ̀nì àti àwọn àmì mìíràn sí lára fún àwọn olóyè, àti ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó ń fi lé èjìká. Aṣọ Ìjẹ̀bú kò sì mọ sí ilé. John Adams, ọ̀gá ọkọ̀ òkun tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1823, jẹ́rìí sí i pé púpọ̀ nínú aṣọ tí àwọn Ìjẹ̀bú ń hun ni àwọn oníṣòwò Èkó ń rà, tí ó ń ti ọ̀dọ̀ wọn bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí.

Òótọ́ ni pé híhun yàtọ̀ sí rírán. Ìró obìnrin kò fẹ́ abẹ́rẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n agbádá, dàńṣíkí àti ṣòkòtò kò lè ṣe aláìrí abẹ́rẹ́, ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn aránṣọ ayé àtijọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó fi abẹ́rẹ́ sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin. Anna Hinderer, ìyàwó míṣọ́nnárì tí ó dé Ìbàdàn ní 1853, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní aṣọ rírán pẹ̀lú ìwé kíkà. Ní ti Ìjẹ̀bú, ẹ̀yìn ogun 1892 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun ni irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tó ráyè wọlé gbilẹ̀. Ẹ̀rọ tí Isaac Singer gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1851 náà sì bá wọn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀nà yìí ni ìyá mi gbà di ẹni tí ń rán aṣọ. Ìlú kékeré kan létí omi ni wọ́n ti bí i, ní agbègbè tí ìjọba ń pè ní Ogun Waterside lónìí. Ọkọ̀ ojú omi ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà, kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó gbé e dé ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò fi í ṣe iṣẹ́ jẹun, nítorí ẹja ni ó ń tà. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń sún mọ́, a óò máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà lóru títí oorun yóò fi gbé wa lọ. Agbádá bàbá mi tí ó bá ti ya ni ó ń di dàńṣíkí fún ẹni méjì nínú wa. Kò sí aránṣọ kan tí ó bá a jà, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé àìní ni ó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ.

Níbí ni èmi àti ìyá mi ti yà sọ́tọ̀. Àìní kọ́ ni ó gbé èmi dé ibẹ̀. Ìgbafẹ́ ni.

Àwọn kan lè sọ pé nítorí kí owó má baà bọ́ lọ́wọ́ ni ènìyàn ṣe ń rán aṣọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá dán an wò yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Odidi Sátidé mẹ́ta ni bùbá kan gbà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi ọjọ́ kan jókòó tì í. Bí ènìyàn bá fi owó ṣírò àkókò náà, bùbá tí mo rán wọ́n ju èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tún ń yìn mí ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń fi mí wé Mahatma Gandhi ti ilẹ̀ Íńdíà, tí ó rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n máa ran òwú fúnra wọn, kí wọ́n sì máa wọ aṣọ tí a fi ọwọ́ hun. Ní 1921, òun fúnra rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó sì ń ró aṣọ kúkúrú bí tálákà. Ìyìn yìí kò tọ́ sí mi. Gandhi ń bá àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà nítorí òmìnira orílẹ̀-èdè rẹ̀. Èmi ńkọ́? Àǹkárá tí mo gé, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Òwú tí mo fi rán an, mo rà á lọ́jà. Ẹ̀rọ náà kò ti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wa jáde. Agbẹ̀ kan ti gbin òwú, ẹnì kan ti ran án, ẹnì kan ti hun ún, ẹlòmíràn ti pa á láró, kí ó tó kàn mí. Aṣọ tí mo ń pè ní àfọwọ́rán ara mi, ìparí rẹ̀ nìkan ni ó jẹ́ tèmi.

Bí kò bá ṣe owó, tí kò sì ṣe òmìnira, kí wá ni èrè ìgbafẹ́ yìí? Èyí tí mo rí nínú rẹ̀ kò mú inú mi dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọrùn bùbá ni ó kọ́ mi. Ojú lásán a máa wò ó bí ihò tí orí ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gé e fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kò sí ẹni tí ó lè dá a padà. Àkọ́kọ́ tí mo gé ń yọ́ bọ́ sí èjìká. Èkejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tú u. Nígbà tí mo ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ tú òwú náà lẹ́ẹ̀kẹrin, mo rántí ọjọ́ kan tí ọdún Iléyá ku ọ̀la. Agbádá mi kò tí ì parí ní ọjọ́ náà, mo sì jágbe mọ́ bàbá aránṣọ lójú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó parí rẹ̀ ní òru, mo tún yọ nínú owó rẹ̀. Ọkàn mi sọ fún mi ní ìdí ẹ̀rọ pé gbèsè ni mo jẹ.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé ó di dandan kí ènìyàn rán aṣọ kí ó tó mọ iyì aránṣọ? Ó yẹ kí n gbà pé kò di dandan. Ọmọlúàbí kò ní láti di agbẹ̀ kí ó tó bọ̀wọ̀ fún agbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ láti kékeré pé iṣẹ́ ọwọ́ ní iyì, mo sì ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ mo ń yọ nínú owó aránṣọ. Ohun tí etí mi gbọ́ tí kò gbà, ọwọ́ mi ni ó fi hàn mí.

Ohun kejì tí mo kọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó lè wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ rán dàńṣíkí tí yóò bá ara mi mu, mo fi téèpù sẹ́yìn títí, kò ṣeé ṣe. Mo kó ìtìjú mi, mo lọ bá bàbá náà. Ó wọn ẹ̀yìn mi, ó sì ní, “Dókítà, èjìká yín ọ̀tún rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń wá sọ́dọ̀ mi ni mo ti ń bá yín bò ó.” N kò mọ̀ rí! Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí mo ń yọ nínú owó rẹ̀, ó ń bo àléébù mi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọbẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè bàbá náà kò jẹ́ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ tàbí ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ lásán. Bí ènìyàn bá ń rán aṣọ ara rẹ̀ kí ó lè sọ pé òun kò nílò ẹnikẹ́ni, irọ́ ni ó ń pa fún ara rẹ̀, ó sì ń fi irọ́ náà dín oúnjẹ aládùúgbò kù. Bí ó bá jẹ́ pé kí ó lè mọ ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, ohun rere ni, bí ìmọ̀ náà bá hàn nínú ìwà rẹ̀. Mo ti pinnu pé n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí aṣọ rírán, agbádá mi kò sì ní kúrò lọ́dọ̀ bàbá náà.

Mo ṣe àlàyé gbogbo èyí fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní, “Dókítà, ìmọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í ra gàrí.” Òótọ́ ni ó sọ. Nígbà tí mo lọ gba agbádá tí ó rán fún mi kẹ́yìn, mo san iye tí ó pè láìyọ nǹkan kan níbẹ̀. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí lójú, ó sì béèrè bóyá mo ti rí ibi tí ọrùn bùbá mi ti ń ya.