Ta Ni Ó Ni Àyè Iṣẹ́ Tí Ó Ṣófo?



Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ó ń wá iṣẹ́ sí wọ́ọ̀fù Àpápá tàbí Tin Can ni ó mọ kíréènì àti kọ̀nténà, ṣùgbọ́n ẹ kì í ronú kan ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí yóò gun kíréènì náà. Ọ́fíìsì tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni à ń wí. Àwọn ni wọ́n ń gba ènìyàn síṣẹ́, tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ ọ̀sán àti àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ òru, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́. Àwọn náà ni wọ́n ń kọ ìwé nígbà tí ẹnì kan bá fara pa. Iṣẹ́ gidi ni, tọkùnrin tobìnrin ń ṣe é, a sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí ó kàwé yà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nídìí rẹ̀ tí ó yẹ kí á jọ wò.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ké kéú lọ́dọ̀ wa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní èbúté kan. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí ó san owó ilé-ìwé rẹ̀ títí dé yunifásítì, mú ọmọ rẹ̀ wá pé kí ó fi í sídìí kíréènì. Ọmọ náà kò kọ́ kíréènì rí. Bàbá ní yóò kọ́ ọ nígbà tí ó bá débẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kọ̀. Ó wá bi wá pé, "Ààfáà, ṣé n kò ti ṣẹ̀ báyìí? Ẹni tí ó tọ́ mi ni mo já kulẹ̀."

Kò rọrùn láti dáhùn. Ẹ̀sìn wa pa ìmoore láṣẹ, a kò sì gbọdọ̀ já okùn ẹbí. Àwọn àgbà sì ní ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Bí a óò bá sọ òótọ́, àwa gan-an ti fi ìwé rán ènìyàn sí ọmọ yìí rí, a kò sì béèrè bóyá ẹni tí a rán mọ iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kọ̀nténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40, bí ẹrù bá kún inú rẹ̀, lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 30. Bí kíréènì ti ń sọ ọ́ kalẹ̀, awakọ̀ tírélà jókòó nísàlẹ̀ níbẹ̀. Òun náà ní ẹbí. Kò sì sí ẹni tí ó bi í bóyá ó fara mọ́ ọn kí á fi ẹ̀mí òun san oore ẹlòmíràn.

Èyí ni ó yé wa nínú ọ̀rọ̀ náà. Àpò ara ẹni ni a fi ń san oore. Àyè iṣẹ́ kì í ṣe ti ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì. Àmánà ni, wọ́n fi ṣọ́ ọ ni. Nínú Suratul Qasas, nígbà tí ọmọbìnrin bàbá àgbà Madyan dábàá pé kí bàbá òun gba Ànábì Músá síṣẹ́, ohun méjì ni ó tọ́ka sí: agbára àti ìfọkàntán. Kò sọ pé ará ilé wa ni. Àlejò tí ó sá wọ̀lú ni Músá.

Bí ìbátan ẹni bá mọ iṣẹ́ náà ńkọ́? Kí ó kọ̀wé bí àwọn yòókù, kí ẹlòmíràn sì dán an wò. Ìyẹn kò le.

Ohun tí ó le ni ebi. Nígbà tí ìjọba fa àwọn èbúté lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní ọdún 2006, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èbúté Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023, síbẹ̀ àwọn tí ń wá iṣẹ́ pọ̀ ju àyè lọ. A kò lè bínú sí bàbá tí ó ń wá ọ̀nà fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti ń fi owó oṣù ara rẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ kíréènì fún ọmọ náà. Síbẹ̀, ẹran Iléyá tí ó gbé lọ, ẹnu ọ̀nà ni bàbá náà ti dá a padà. A ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. A óò tún lọ.