Ta Ni Ó Ni Ìtàn Ìyà?

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ bá ń wá àyè sí yunifásítì ní ilẹ̀ Faransé, ètò Campus France a máa bi í ní ohun tí ó fẹ́ kọ́ àti ìdí tí ó fi fẹ́ kọ́ ọ. Bí ó bá ṣe pé Amẹ́ríkà ni ó kọjú sí, ọ̀ràn yí padà. Lórí Common App, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́, yóò kọ àròkọ nípa ara rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ ju 650 ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí ó lè yàn ni pé kí ó sọ ìṣòro tàbí ìjákulẹ̀ tí ó bá pàdé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò kà á. Ṣé ó tọ́ kí ó tú ìyà ilé wọn sílẹ̀ fún un?

"Kí Olúwa bo àṣírí wa" ni àdúrà tí a ń gbà lójoojúmọ́, a kò sì kà á sí irọ́. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. A kò rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ń ta ko ara wọn. Ọmọbìnrin tí ó ń dín àkàrà láti ìdájí kí ó tó lọ sí ilé ìwé, tí èsì ìdánwò rẹ̀ sì wálẹ̀ ní ọdún náà, kò ṣagbe bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni ó ń jẹ́. Bí a kò bá mọ ẹrù tí ó wà lórí ẹni, báwo ni a ó ṣe fi ìrìn rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn?

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi ń dín àkàrà? Bóyá bàbá ti fi ilé sílẹ̀. Bóyá ìyá ń ṣe àìsàn tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí. Ìyá kò wá àyè sí yunifásítì kankan. Àṣírí náà kì í ṣe ti ọmọ nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ nínú ìyà rẹ̀. Èrò wa ni pé kí ọmọ sọ iṣẹ́ tí ó ṣe, àti ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, láìbẹ̀rù. Ní ti ìdí rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ. Bí ìyá bá kọ̀, "iṣẹ́ ilé já lé mi léjìká" ti tó.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí omijé rẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n ń gbà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn (àwọn tí kò jìyà rí náà sì mọ bí a ṣe ń hun ìtàn ìyà). Síbẹ̀, ọmọ tí a kọ́ láti máa wá ọgbẹ́ tí yóò tà jù lọ nínú ìgbà èwe rẹ̀, kí ni yóò kù tí yóò máa fi ayọ̀ rántí?

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ àròkọ náà. Ọ̀pọ̀ ìyá ní ìlú wa kò lè kà á, wọn kò sì ní mọ ohun tí a sọ nípa wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń ran ọmọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ó ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá kí ó tó fi ránṣẹ́.